Níbo Ni Adènà Dúró Sí?

"Ọwọ́ òsì ni, bọ̀ọ̀dá mi. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ dáadáa, ẹ má dì í ní ìkúùkù."

Oyèékànmi rẹ́rìn-ín. Ọdún mọ́kànlélógún ló ti ń tún ẹ̀rọ Awonú ìlú Ìdẹ̀ra ṣe, kò sí súkúrù kan nínú rẹ̀ tí kò mọ̀. Síbẹ̀, oṣooṣù tí àyẹ̀wò bá kàn án, Ìbídùn àbúrò rẹ̀ á máa kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń tẹ́ ọwọ́, bí ẹni ń kọ́ ọmọ jẹ́léósinmi. Oyèékànmi ti ọwọ́ bọ ihò ẹ̀rọ. Abẹ́rẹ́ gún un. Ẹ̀rọ kùn díẹ̀, ó dákẹ́, iye sì jáde lójú gíláàsì.

Ìbídùn kà á nínú ara rẹ̀. Ó tún un kà. Lẹ́yìn náà ló dìde, torí òfin ni pé olùkà kì í jókòó pe iye, ó sì gbóhùn sókè kí àwọn tó tò sẹ́yìn lè gbọ́.

"Oyèékànmi ọmọ Adéòtí, láti agboolé Alágbẹ̀dẹ. Adènà rẹ̀ jẹ́ mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún."

Ó yẹ kí wọ́n dáhùn "Ilé tòrò" lẹ́sẹ̀ kan náà, bí wọ́n ṣe máa ń dáhùn. Ṣùgbọ́n ẹnu yà wọ́n. Láti ọdún méjìdínlógójì tí Èéfín ti bo ayé, tí jẹjẹrẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í mú èèyàn bí ẹni ń ká ilá, adènà, èròjà inú sẹ́ẹ̀lì tó ń dá jẹjẹrẹ dúró, ò tíì pé àádọ́rùn-ún rí lára ẹnikẹ́ni ní Ìdẹ̀ra. Ẹni tí tirẹ̀ bá tó ọgọ́ta, ó dúpẹ́. Ẹni tó bá bọ́ sísàlẹ̀ ogójì, tàbí ẹni tí wọ́n bá rí jẹjẹrẹ lára rẹ̀, ọkọ̀ ojú omi ló ń dúró dè é létí odò, ẹni tí ọkọ̀ yẹn bá sì gbé sọdá sí Ilé Ìdákẹ́, ará ilé rẹ̀ kì í gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́.

"Ilé tòrò," ni wọ́n wá dáhùn nígbà tí ọ̀rọ̀ wọlé sí wọn lára, gbogbo ilé àyẹ̀wò sì mì. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í na ọwọ́ láti fi kan aṣọ Oyèékànmi. Ṣẹ̀gilọlá tó ń po ọṣẹ ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹ̀gbà pupa ló wà lọ́wọ́ obìnrin náà, torí méjìlélógójì ni wọ́n ń kà fún un láti oṣù mẹ́ta, kò sì sí ẹni tó ń bá a jókòó lórí àga kan náà mọ́. Ó fi ìka méjì kan ẹ̀wù ọkùnrin náà, ó fi kan àyà ara rẹ̀, ó sì yára padà sí ààyè rẹ̀ lórí ìlà.

Alákòóso Ògúnṣínà, tí gbogbo ìlú wà lábẹ́ àṣẹ rẹ̀, ti ọ́fíìsì rẹ̀ jáde. Ó bọ́ ẹ̀gbà irin kúrò lọ́wọ́ Oyèékànmi, ó fi funfun sí i, irú èyí tó wà lọ́wọ́ tirẹ̀ alára.

"Láti òní lọ, Orísun ni ẹ́," ló wí. "Lọ́túnla la ó fi adènà rẹ gún àwọn ọmọ ọlọ́dún mẹ́fà. Mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni wọ́n."

"Mofìyìn tèmi náà wà níbẹ̀, sà."

"Ó kúkú dára. Ọmọ á jogún bàbá rẹ̀ lójú ayé. Ẹ fa ẹ̀jẹ̀ ìgò kan lára rẹ̀ nísinsìnyí, kí ìkòkò ìsọdipúpọ̀ ti máa bá iṣẹ́ lọ."

Wọ́n fa ìgò kan. Ibi tí Oyèékànmi ti yí ojú kúrò lára abẹ́rẹ́, torí pé akin lójú irin ni, ojo lójú abẹ́rẹ́, ni Ìbídùn ti rí kókó kan lábẹ́ etí rẹ̀. Kò ju kóró àgbálùmọ̀ lọ. Bí ó bá jẹ́ ara ẹlòmíràn ni, ìlú á ti dàrú. Ṣùgbọ́n ta ni yóò wo kókó lára ẹni tí adènà rẹ̀ tó mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún? Ẹ̀fọn ló jẹ ẹ́, ohun tí ẹnikẹ́ni á sọ nìyẹn. Ìbídùn náà sọ ọ́ fún ara rẹ̀, ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ọkàn rẹ̀ ò gbà. Òwú tó fi nu ẹ̀jẹ̀ ìka ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó yẹ kó jù sínú iná, ó tì í bọ ìgbátí ìró rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà lábẹ́ ibùsùn Ìbídùn fún yín, torí ibẹ̀ ni gbogbo wàhálà yìí ti bẹ̀rẹ̀.

Páálí bàtà kan ni. Nínú páálí náà, gèlè ìyá wọn wà níbẹ̀, nínú gèlè ọ̀hún ni ojú kejì Awonú sì wà. Ojú méjì ni ẹ̀rọ náà ní nígbà tí wọ́n kọ́ ọ. Èkíní ń ka iye. Èkejì ń wo ibi tí ohun tí wọ́n kà wà. Ojú kíní kì í lò tó ìṣẹ́jú kan lára èèyàn, ojú kejì a máa lo ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún gbáko. Ní ọdún mẹ́rìnlá sẹ́yìn, nínú ọ̀gbẹlẹ̀ kan tí oòrùn ń fi èèyàn dín, bàbá àgbà méjì ṣubú lórí ìlà, wọn ò dìde mọ́. Ìbídùn sunkún lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó ní, ẹ yọ ojú kejì yìí, bọ̀ọ̀dá mi, ó ń pa àwọn èèyàn, iye nìkan sì ti tó. Ìgbìmọ̀ gbà. Oyèékànmi tú súkúrù mẹ́fà, ó yọ ọ́. Gbogbo ìlú dúpẹ́ lọ́wọ́ tẹ̀gbọ́n-tàbúrò, wọ́n sì kọ́ àwọn ọmọdé ní orin pé *adènà púpọ̀, ilé tòrò. Adènà tán, olè wọlé*. Ìbídùn ló fi ẹnu ara rẹ̀ kọ́ wọn.

Màmá Tinúadé tó kọ́ ọ níṣẹ́ nìkan ni kò dúpẹ́. Arúgbó náà ti fẹ̀yìn tì nígbà náà, ojú rẹ̀ ti ń ṣú. Ó ní, "Ìbídùn, o mọ̀ pé adènà ò ní ìrísí tirẹ̀. Gbogbo èròjà yòókù tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì ló ní bí wọ́n ṣe rí. Òun dà bí okùn tó wà nílẹ̀, ohun tó bá bá pàdé ló ń wé mọ́. Bó bá wà nínú yàrá àárín sẹ́ẹ̀lì, á wé mọ́ ọwọ́ àwọn tó ń ti sẹ́ẹ̀lì pé kó máa pín, sẹ́ẹ̀lì á sinmi. Bó bá bọ́ sí àgbàlá tó yí yàrá ká, ẹsẹ̀ sẹ́ẹ̀lì ló ń tú. Sẹ́ẹ̀lì á dìde, á máa rìn. Ìyẹn náà ní ọjọ́ tirẹ̀, torí bí sẹ́ẹ̀lì ò bá rìn, egbò ò lè jiná, ọpọlọ ọmọ inú ò sì lè tò. Ṣùgbọ́n adènà tó kúrò nínú yàrá, tí kò padà mọ́, ẹ wá ń kà á, ẹ ń yọ̀ pé ó pọ̀. Má bi í pé mélòó ni yín. Bi í pé níbo lẹ dúró sí."

Ìbídùn ní òun gbọ́. Ẹnu ló fi gbọ́ ọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tí wọ́n pe iye Oyèékànmi, Ìbídùn ti ilẹ̀kùn, ó gbé ojú kejì jáde, ó so ó mọ́ bátìrì, ó kán ẹ̀jẹ̀ ara òwú náà sí i. Ó dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Adènà a máa tàn bí ewé tútù nínú ojú yẹn. Ó tàn lóòótọ́, ó pọ̀ rẹpẹtẹ. Ṣùgbọ́n gbogbo yàrá inú ṣófo. Sẹ́ẹ̀lì kan, sẹ́ẹ̀lì méjì, ogún sẹ́ẹ̀lì, yàrá dúdú, àgbàlá kún fọ́fọ́. Sẹ́ẹ̀lì tó yẹ kó jókòó sínú ẹran ara tilẹ̀ wà nínú ẹ̀jẹ̀, níbi tí kò yẹ kó dé rárá. Ó wò ó lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́ẹ̀kẹta, kò lè rí nǹkan mọ́, omijé ti bo gíláàsì.

Nígbà tí oòrùn rọlẹ̀, ó lọ sí agboolé Alágbẹ̀dẹ. Mofìyìn pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Anti, ẹ wo eyín mi. Ó ti ń mì." Ó fi ìka ti eyín iwájú rẹ̀. "Dádì ní tó bá jábọ́, àwọn á bá mi jù ú sórí òrùlé."

"Wọ́n á bá ẹ jù ú. Lọ bá mi bu omi wá."

Oyèékànmi jókòó ti àpótí irinṣẹ́ rẹ̀, ó ń fi epo nu súkúdiráfà. Ó wo ojú àbúrò rẹ̀, ó gbé súkúdiráfà sílẹ̀. Ìbídùn ò mọ bí wọ́n ṣe ń pọ́n irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lé ẹ̀yìn àkàwé. Ó sọ ọ́ báyìí pé:

"Bọ̀ọ̀dá mi, jẹjẹrẹ ni kókó abẹ́ etí yín. Ó ti ń rìn."

"Wọ́n pe mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún fún mi láàárọ̀ yìí. Ìwọ lo pè é."

"Mo gbé ojú kejì jáde."

Ọkùnrin náà ká àkísà epo ọwọ́ rẹ̀, ó sì tún un tú. Lẹ́yìn náà, ó ní, "Mo tún ń húkọ́. Mo rò pé èéfín irin ni." Ó fi ọwọ́ kan kókó náà, ó sì yára mú ọwọ́ kúrò. "Ṣé ó dá ẹ lójú?"

"Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo wò ó."

"Ẹ̀jẹ̀ mi tó wà nínú ìkòkò ńkọ́?"

"Ó ti ń pọ̀ sí i. Bí adènà náà ṣe kọ́ ìrìn àgbàlá lára yín, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa rìn lára àwọn ọmọ. Ó lè tó ọdún méjì, ó lè tó mẹ́ta, kí ó tó hàn. Iye wọn á máa ga, àwa á sì máa dáhùn pé ilé tòrò."

Mofìyìn gbé omi dé. Ó padà sẹ́yìnkùlé, wọ́n sì ń gbọ́ ọ tó ń kọ orin adènà fún adìyẹ.

Ìbídùn ti ronú títí orí fi ń fọ́ ọ. Ó kọ́kọ́ rò pé kí ẹ̀gbọ́n òun gba ọ̀nà orí òkè sá lọ, kó lo ìwọ̀nba oṣù tó kù fún un lábẹ́ igi, kó má kú sọ́wọ́ àwọn ará Ilé Ìdákẹ́. Ṣùgbọ́n bó bá sá, ìkòkò ò ní sá. Ó rò pé kí òun dá nìkan sọ fún Alákòóso. Kò sí bí ìyẹn náà ṣe lè jẹ́, torí iye tí wọ́n bá ti pè ní gbangba, kò sí ẹnu tó lè gbé e mì. Awonú fúnra rẹ̀ nìkan ló lè tún un pè, pẹ̀lú ọwọ́ ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ kà nínú rẹ̀, lójú àwọn tó gbọ́ ti àkọ́kọ́. Ojú tí wọ́n sì máa fi pè é ti kúrò nínú ẹ̀rọ láti ọdún mẹ́rìnlá. Ní gbogbo Ìdẹ̀ra, ẹnì kan ṣoṣo ló mọ bí wọ́n ṣe ń dá a padà.

Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Kò bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣe é. Kò lè bẹ̀ ẹ́.

"Súkúrù mẹ́fà," ni Oyèékànmi wí. "Mo ṣì ní wọn. Mo kó wọn sínú agolo kan, mi ò mọ ìdí tí mo fi kó wọn pa mọ́." Ohùn rẹ̀ yí padà. "Ẹ̀rù ń bà mí, Ìbídùn. Mi ò fẹ́ purọ́ fún ẹ. Ìyá Mofìyìn sọdá lọ́dún tó kọjá, mo dúró létí odò, mo rí i bó ṣe ń wo ẹ̀yìn. Mi ò fẹ́ wo ẹ̀yìn bẹ́ẹ̀ yẹn."

"Èmi ni mo ní kí ẹ yọ ọ́. Ká ní mi ò sọ bẹ́ẹ̀ ni, a ò bá ti rí i lára yín nígbà tó kéré."

"Èmi ni mo yọ ọ́, ẹnikẹ́ni ò fi okùn fà mí." Ó nu ojú rẹ̀ pẹ̀lú àkísà epo, epo sì kù sí i lẹ́rẹ̀kẹ́. "Àwa méjèèjì la fi ètè sílẹ̀, tí à ń pa làpálàpá. Ta ló máa tọ́jú ọmọ mi?"

"Ṣé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń béèrè ìyẹn ni?"

Ó mi orí. Ó ṣí àpótí irinṣẹ́ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá agolo súkúrù.

Ní ọjọ́ ìgúnlábẹ́rẹ́, kí oòrùn tó gbóná, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ti wà ní ilé àyẹ̀wò. Márùn-ún nínú súkúrù náà wọlé wẹ́rẹ́. Ẹ̀kẹfà ti dípẹtà, ó já bọ́ lọ́wọ́ Oyèékànmi lẹ́ẹ̀mejì. Ìbídùn bá a wá a nílẹ̀. Nígbà tó wọlé tán, ó ní, "Ó ti dúró," bó ṣe máa ń wí nígbàkígbà tó bá parí àtúnṣe, ó sì ń fi àkísà nu ojú ẹ̀rọ náà bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò dọ̀tí.

Àwọn èèyàn dé. Àwọn ọmọ mọ́kànlélọ́gbọ̀n jókòó lórí ẹní, àwọn ìyá wọn dúró lẹ́yìn wọn. Wọ́n gbé ìkòkò ìsọdipúpọ̀ wọlé, ó ń yọ ooru. Alákòóso Ògúnṣínà rí Awonú, ó rí ojú kejì tó yọ jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ta ló ní kí ẹ fọwọ́ kan ẹ̀rọ yìí?"

"Iṣẹ́ mi ni, sà," ni Oyèékànmi wí.

Ìbídùn dìde dúró. Ó sọ fún wọn. Kò fi ohunkóhun pa mọ́, bẹ̀rẹ̀ láti orí àwọn bàbá méjì tó ṣubú lórí ìlà títí dé orí òwú tó fi pa mọ́ sínú ìró. Nígbà tó parí, Alákòóso ní olùkà tó bá tako iye tó ti pè kì í ṣe olùkà mọ́. Ó ní ẹyin lohùn.

"Òótọ́ ni, sà. Ẹ̀rọ ló sì lè tún un pè. Òfin yín ló sọ bẹ́ẹ̀."

"Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹ fẹ́ kí àwọn ọmọdé máa retí?"

Obìnrin kan sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn ẹní. "Ọmọ mi ló wà níbẹ̀ yẹn. Á retí."

Oyèékànmi ti ọwọ́ òsì bọ ihò ẹ̀rọ kí ẹnikẹ́ni tó tún sọ̀rọ̀. Ó tẹ́ ẹ sílẹ̀ dáadáa, kò dì í ní ìkúùkù. Iye kọ́kọ́ jáde, mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún, gbogbo wọn sì rí i. Lẹ́yìn náà wọ́n dúró. Ọmọ kan ní òun fẹ́ tọ̀, ìyá rẹ̀ mú un jáde, ó mú un padà, ojú kejì ò tíì parí. Oyèékànmi ń wo Mofìyìn, ó ń fi ahọ́n ti eyín iwájú tirẹ̀ láti fi dá a lẹ́rìn-ín, ọmọ náà sì ń fi ahọ́n ti tirẹ̀ tó ń mì.

Ìbídùn rí ohun tó mọ̀ pé òun máa rí. Ó dìde.

"Oyèékànmi ọmọ Adéòtí. Adènà rẹ̀ jẹ́ mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún. Gbogbo rẹ̀ ló wà ní àgbàlá. Kò sí ọ̀kan nínú yàrá."

Kò sí ìdáhùn kankan fún irú iye bẹ́ẹ̀, torí ẹnikẹ́ni ò kọ́ wọn. Alákòóso wo ìkòkò, ó wo àwọn ìyá, ó sì ní kí wọ́n lọ dà á sínú iná. Ó tún wo Oyèékànmi. Kò láyọ̀ sí ohun tó fẹ́ sọ, mo gbọ́dọ̀ sọ ìyẹn nípa rẹ̀. Ó ní òfin ni òfin. Àwọn ọlọ́kọ̀ méjì wọlé.

Oyèékànmi bọ́ ẹ̀gbà funfun, ó gbé e sórí ẹ̀rọ. Ó kúnlẹ̀ níwájú Mofìyìn. Ó ní kó lọ máa bá Anti gbé, kó máa jẹ́ kí wọ́n di irun rẹ̀, kó sì mú eyín náà tọ Anti lọ bó bá jábọ́. Ọmọ náà bi í pé ìgbà wo ni yóò dé. Ó gbá a mọ́ra títí ọ̀kan nínú àwọn ọlọ́kọ̀ fi fọwọ́ kàn án léjìká.

Ìbídùn fẹ́ tẹ̀lé wọn dé etí odò. Ó ti gbé ẹsẹ̀ nígbà tó gbọ́ tí ẹ̀rọ kùn lẹ́yìn rẹ̀. Ṣẹ̀gilọlá tó ń po ọṣẹ ti jókòó síbẹ̀, ó ti ti ọwọ́ bọ ihò títí dé ibi ẹ̀gbà pupa rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, Anti," ni obìnrin náà wí. "Láti oṣù mẹ́ta ni mi ò ti sùn. Ẹ bá mi wo ibi tí tèmi dúró sí."

Òfin kan wà tí Ìbídùn mọ̀ ju gbogbo òfin lọ, òun ló kọ́kọ́ kọ́ lọ́dọ̀ Màmá Tinúadé: olùkà kì í fi ẹ̀rọ sílẹ̀ bí ọwọ́ èèyàn bá wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn Ṣẹ̀gilọlá, àwọn èèyàn ti ń tò. Àwọn ẹlẹ́gbà funfun wà láàárín wọn. Alákòóso Ògúnṣínà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó ti fa apá agbádá rẹ̀ bo ẹ̀gbà funfun ọrùn ọwọ́ rẹ̀.

Ìbídùn jókòó. Mofìyìn wá dúró tì í, ó di ìró rẹ̀ mú. Wọ́n ń gbọ́ ohùn àwọn ọlọ́kọ̀ létí odò. Wọ́n gbọ́ nígbà tí wọ́n ti ọkọ̀ kúrò ní èbúté, wọ́n gbọ́ àjẹ̀ nínú omi, lẹ́yìn náà wọn ò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ. Ó ku márùn-ún. Ìṣẹ́jú tó fi gba àwọn èèyàn lọ́wọ́ oòrùn ní ọdún mẹ́rìnlá sẹ́yìn ni ó ń san padà yìí, kò sì sí bó ṣe lè yá. Nígbà tí ojú kejì yóò fi parí iṣẹ́, ọkọ̀ ti gúnlẹ̀ sí òdìkejì.

Ìbídùn nu omijé ojú rẹ̀. Ó dìde dúró, bí òfin ṣe wí.

"Ṣẹ̀gilọlá ọmọ Fákẹ́yẹ. Adènà rẹ̀ jẹ́ mọ́kànlélógójì."

Kò sí ẹni tó dáhùn pé ilé tòrò. Wọ́n dúró, wọ́n ń wo ẹnu rẹ̀. Ohùn àkọ́kọ́ tó jáde jẹ́ ti ọmọdé, láti ìdí ìró rẹ̀, àwọn àgbà sì gbè é lẹ́yìn.

"Níbo ló dúró sí?"